Mọ́mì Wa Ni

Sítáàṣì ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé. Kì í ṣe pé ó le sí èèyàn o. Kò kàn lè rí aṣọ tó rún kó má fi ọwọ́ nà án ni. Bí ẹ bá wá kí wa, tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yín wọ́, á máa wò ó títí tí ohun tí ẹ ń sọ kò fi ní wọ̀ ọ́ létí mọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí, yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbé, kò sì sí àárọ̀ kan tí mo jáde síta rí tí kò kọ́kọ́ tún kọ́là mi ṣe.

Aṣọ ló ń fọ̀, aṣọ ló sì ń lọ̀. Ilé ìfọṣọ kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ilé gígùn onípáànù tí ooru inú rẹ̀ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ́ẹ̀lì wá síbẹ̀ nínú báàgì ńláńlá. Bí wọ́n bá ti fọ̀ wọ́n tán, ẹ̀rọ ìlọṣọ ló kàn, irin gbígbóná kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tó ní ìdérí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Àbúrò mi àti obìnrin kan ló máa ń di etí aṣọ mú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n á nà án, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á yára fa ọwọ́ yọ, ìdérí á sì wá sílẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó sọ fún mi rí pé aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ irin máa ń fún òun láyọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín títí, nítorí n kò tíì rí ẹlòmíì tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ń fún láyọ̀.

Obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ náà ni gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó" bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni. Àgbà ni, ó dàgbà tó ẹni tó lè bí mi, wọ́n sì kọ́ mi nílé. Ẹ ṣáà ní sùúrù kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kí ẹ tó bá mi wí.

Mọ́mì kì í pariwo, kì í sì í bú èèyàn. Láràárọ̀, á kó wọn jọ sáàárín àwọn báàgì, á gbàdúrà fún wọn, á béèrè àlàáfíà ilé kálukú, á wá ní ẹbí kan ni wọ́n níbẹ̀, ọmọ òun ni gbogbo wọn. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Bí oṣù bá parí, ohun tó bá wù ú ló máa ń fi lé wọn lọ́wọ́, bí ẹni ń fún ọmọ lówó ọbẹ̀. Oṣù mìíràn á ní ọjà ò yá, kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹni tó bá béèrè, á fi ojú àánú wò ó, á ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyá ẹni nìyẹn. Ojú á ti onítọ̀hún, á sì padà sídìí báàgì rẹ̀. Àbúrò mi kò béèrè rí. Bí mo bá ní kó béèrè, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, Mọ́mì ń gbìyànjú," èmi náà á sì gbé ìbínú mi mì.

Ẹ̀rọ ìlọṣọ yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ìdérí rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ fún Mọ́mì, Mọ́mì ní kí wọ́n máa fọgbọ́n lò ó. Lọ́jọ́ òjò kan, iná lọ, iná tún dé lójijì, ìdérí sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi sì wà lábẹ́ rẹ̀.

N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ ló gbé e wá bá mi, táwẹ́ẹ̀lì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wé ọwọ́ náà. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú irun apá kan. Ní ọsibítù, wọ́n wẹ ọwọ́ náà mọ́, wọ́n dì í, nígbà tó sì yá, ó jinná. Ṣùgbọ́n bí awọ rẹ̀ ṣe ń jinná ló ń fà, àwọn ìka sì ká sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò nà mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tú wọn sílẹ̀, àmọ́ kí a má jẹ́ kó pẹ́, torí tó bá pẹ́, ìka á gan pátápátá. Ó sọ iye tí wọ́n ń gbà. Mo wo àbúrò mi, òun náà wò mí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, a sì dìde.

Mo ní kó lọ bá Mọ́mì. Mọ́mì sunkún nígbà tó rí i. Ó di ọwọ́ náà mú, ó gbàdúrà lé e lórí, ó fún un lówó ọkọ̀, ó ní kó lọ sinmi. Nígbà tí àbúrò mi fi máa padà lọ, ẹlòmíì ti wà nídìí ẹ̀rọ náà. Mọ́mì ní kí ló fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe níbẹ̀, kó máa lọ sílé, Ọlọ́run á dá sí i. Ó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi, ó ròyìn rẹ̀ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi. Orí mi gbóná débi pé mo ní láti gbé abẹ sílẹ̀, torí ọrùn èèyàn ló wà níwájú mi.

Oníbàárà mi kan wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ lọ́yà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá àwọn tí kò lówó gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń gẹ irun rẹ̀, mo sì ń tú ìbínú mi sórí Mọ́mì bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n dá ọwọ́ dúró. Ó béèrè iye tí wọ́n ń san fún àbúrò mi lóṣù. Mo sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó yí àga náà kọjú sí mi, ó ní iye yẹn kò tó ìdajì owó tó kéré jù lọ tí òfin fàyè gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, àti pé bí òṣìṣẹ́ bá fara pa nídìí iṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ni ìtọ́jú rẹ̀.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní àbúrò mi kò gba ìwé iṣẹ́ kankan, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó ní òfin ò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kóòtù máa fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé òṣìṣẹ́ obìnrin náà ni, àbí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀? Mo wá ibì kan jókòó sí. Láti ìgbà tí mo ti ń gẹ irun, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ lórí àga mi, ti ìjọba, ti bọ́ọ̀lù, ti ìyàwó oníyàwó. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí rí, ó sì yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti gba owó irun náà.

Àbúrò mi kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ṣé òun ló máa pe Mọ́mì lẹ́jọ́, kí ni aráyé á máa pe òun. A fà á títí, ó fàáké kọ́rí pé òun ò ní ṣe. Lọ́jọ́ kan, mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn, mo bá a tó ń fi ìgúnpá di aṣọ ìrọ̀rí mọ́ àyà, tó ń fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti nà án. Ó ń bọ́, ó ń hẹ ẹ́, ó tún ń bọ́. Nígbà tó rí mi, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n pe lọ́yà yẹn kí ìka òun tó gan tán.

Ẹjọ́ náà kò yá rárá. Lónìí, agbẹjọ́rò Mọ́mì ń ṣàìsàn. Nígbà tí a tún lọ, adájọ́ rìnrìn àjò. Nígbà tí adájọ́ dé, iná kò sí. Wọ́n ń sún un síwájú, èmi sì ń wo ìka àbúrò mi. Ohun tí Mọ́mì sọ fún kóòtù kò gùn: òun kò gba òṣìṣẹ́ kankan, àwọn obìnrin tí ìyà ń jẹ lòun kó mọ́ra, wọ́n ń ran òun lọ́wọ́ bí ọmọ ṣe ń ran ìyá lọ́wọ́, òun náà ń fún wọn ní nǹkan bí ìyá ṣe ń fún ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Lọ́yà wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí bí kóòtù bá gbà pé ọmọ ni, kò sí owó oṣù, kò sí ìtọ́jú, ọwọ́ náà á wà bẹ́ẹ̀.

Ó wá kọ́ àbúrò mi ní ohun tó máa sọ. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni obìnrin yẹn sí i, kó ní ọ̀gá òun ni, òun ló gba òun síṣẹ́. A fi ṣọ́ọ̀bù mi ṣe kóòtù. Mo da táwẹ́ẹ̀lì dúdú bo èjìká, mo di agbẹjọ́rò Mọ́mì, mo ń rìn síwá sẹ́yìn, mo ń wú ikọ́ bíi tiwọn. Mo bi í, ó dáhùn pé, "Ọ̀gá mi ni." A ṣe é títí tí àwọn oníbàárà fi ń bá a gbè é. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹnu rẹ̀, a pàdé Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orúnkún àbúrò mi ti tẹ̀, ó ti kí i káàárọ̀. Mọ́mì ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ńkọ́?" Ó ní ó ń san díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ fi orí sọ ògiri.

Agbẹjọ́rò Mọ́mì kò wú ikọ́ rárá. Bàbá arúgbó kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó dúró sí àyè rẹ̀, ó tọ́ka sí Mọ́mì tó so ọwọ́ pọ̀ sórí itan, tó ń wo àbúrò mi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà àárọ̀.

Ó ní, "Ìyá yìí, ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Mo rí i tó la ẹnu. Mo rí i tó wo ojú obìnrin náà. Ó ní, "Mọ́mì wa ni."

"Mọ́mì yín. Kí ni Mọ́mì máa ń pè yín?"

"Wọ́n máa ń pè mí ní ọmọ mi."

Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti ṣetán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́yà wa ń wo tábìlì. Àbúrò mi ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó rí ojú mi ló tó mọ ohun tó sọ, ó sì fi ọwọ́ tó ká yẹn bo ẹnu. Ṣé kí n bú u ni? Èwo nínú wa ló lè na ìka sí obìnrin tó tó ìyá ẹni, lójú gbogbo ayé, kó sì pè é ní nǹkan mìíràn? Ẹnu rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú sì ṣì ń bí mi débi pé omi ń jáde lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Mọ́mì. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó pe gbogbo wọn lọ́mọ, àwọn tó jókòó lẹ́yìn wa tiẹ̀ ń mi orí. Lọ́yà wa dìde, ó ń tún kọ́là ṣe, mo sì rí i pé kò mọ ibi tó máa gbà. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni àbúrò mi jẹ́ ọmọ fún un. Mọ́mì ní lóòótọ́ ni, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èyí tí òun bí.

Ó ní, "Nígbà tí ọwọ́ ọmọ yín jó, mà, ọsibítù wo lẹ gbé e lọ?"

Mọ́mì ní òun gbàdúrà fún un. Lọ́yà ní kò burú, ọsibítù ńkọ́? Mọ́mì ní òun fún un lówó ọkọ̀. Ó ní òun gbọ́, ọsibítù ńkọ́? Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ojú obìnrin náà le.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù ni? Tí mo bá ń gbé gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lọ sọ́sibítù, kí ló máa kù nínú iṣẹ́ mi?"

Adájọ́ tó ti ń kọ̀wé láti àárọ̀ gbé ojú sókè. Agbẹjọ́rò àgbà yẹn di ojú rẹ̀, kò sì yára là á. Lọ́yà wa ní òun kò ní ìbéèrè mọ́, ó jókòó. Èmi, kì í ṣe "òṣìṣẹ́" ló kọ́kọ́ gbá mi láyà. "Gbogbo" ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Mo yí wo àbúrò mi, mo bi í sétí pé àwọn wo ló tún fara pa. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní àwọn kan máa ń lọ sílé lọ sinmi, wọn kì í sì padà. Àwọn rò pé wọ́n rí iṣẹ́ mìíràn ni.

Nígbà tí adájọ́ máa dá ẹjọ́ náà, ó ní òfin kò béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń pe ara wọn. Ta ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á dé, ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló lè ní kí wọ́n máa lọ sílé? Ó ní òṣìṣẹ́ ni àbúrò mi, kí Mọ́mì san gbogbo owó oṣù tó dín kù, kí ó sì san ti ọwọ́ náà. Mo fò sókè, ọlọ́pàá kóòtù ní kí n jókòó, mo tún fò. Mọ́mì kọjá lára wa láìwo ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi tún fẹ́ kí i, mo di aṣọ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ tí owó náà wọlé la lọ sí ọsibítù, lọ́yà náà tẹ̀ lé wa. Inú mi ń dùn, mò ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Dókítà di ọwọ́ náà mú, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á, ó ń béèrè bóyá ó dùn ún. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e lé orí tábìlì. Ó ní àtàǹpàkò lè nà, bóyá pẹ̀lú ìka tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ti gan. Ó ní ká ní a tètè wá ni. Kò sọ ọ́ láti bá wa wí, mo mọ̀.

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò mi kò sunkún. Ó yíjú sí lọ́yà náà, ó béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn. Mo rò pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Lọ́yà náà ní ó ti pẹ́, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí òun.

Ó ní, "Ó wà lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Ó wà, mà."

"Ó wà lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi jó?"

"Ó wà."

"Mọ́mì mọ̀?"

Lọ́yà náà ní kò sí ẹni tó ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọn kì í sọ ọ́ fún. Àbúrò mi wo ìka rẹ̀ tó ká, ó gbé ojú sókè. N kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí irin náà jó o. Ó ní ká lọ. Mo bi í pé ibo, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ilé ìfọṣọ ló gbà lọ, èmi àti lọ́yà ń sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣíwọ́. Obìnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fi etí aṣọ nu òógùn ojú, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí i. Àbúrò mi kò jẹ́ kó kí òun tán. Ó na ọwọ́ náà sí i, ó ní, "Òfin kan wà o, ó ti wà tipẹ́, wọn ò sọ fún wa ni."